Ilẹ̀ Tí Wọ́n Fẹ́ Tà fún Wa ní Sumba

Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni fóònù mi kò ti sinmi. "Aunty Bísí, báwo ni ibẹ̀ ṣe rí?" "Ṣé lóòótọ́ ni òkun wọn mọ́ bíi dígí?" "Ṣé kí àwa náà ra tiwa?" Mo ti dáhùn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti dáhùn níbi iṣẹ́ nígbà tó yẹ kí n máa jẹun, mo ti dáhùn fún ọmọ tó ń dirun fún mi ní West End títí tó fi gbàgbé apá kan orí mi láìdì. Ó tó gẹ́ẹ́. Mo jókòó kọ ọ́ báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, kó kà á. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́, ẹlẹ́tàn wà nítòsí, kó gbé owó rẹ̀ lọ bá a.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ mí, nọ́ọ̀sì ni mí ní Marietta, nítòsí Atlanta, ní Amẹ́ríkà. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti fi ń gbé aláìsàn dìde, tí mo tún ń gbé e padà sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀yìn mi kò sì jẹ́ kí n gbàgbé ẹyọ kan nínú wọn. Ọkọ mi, Bàbá Tolú, ti fẹ̀yìn tì. Èmi náà ń wá ibi tí n ó fẹ̀yìn tì sí. Inú irú wíwá bẹ́ẹ̀ ni Káyọ̀dé ti bá wa.

Àwòrán tí kò ní ènìyàn

Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa ni Káyọ̀dé. Ó ti ta mọ́tò àlòkù rí, ó ti ta tíì tó ń fa ikùn wọlé rí, kò sì sí èyí tó tà nínú wọn tí ẹnu rẹ̀ kò dùn ju ọjà náà lọ. Lọ́jọ́ Sunday kan, lẹ́yìn ìsìn, ó ní ká dúró ná, òun ní ohun tí òun fẹ́ fi hàn wá. Ó gbé àwòrán sára ògiri: òkun aláwọ̀ búlúù, òkè tí koríko bò, ẹṣin funfun kan tó dá dúró lórí iyanrìn bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Ó ní Indonesia ni, erékùṣù kan tó ń jẹ́ Sumba, abúlé kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Wailara. Ó ní ayé kò tíì gbọ́ nípa rẹ̀, àwa la máa kọ́kọ́ dé.

"Fílà la máa kọ́ síbẹ̀," ló wí. "Fílà mẹ́wàá, gbogbo wọn á kọjú sí òkun."

Ìyá kan tó jókòó lẹ́yìn mi tẹ̀ mí léjìká. "Fìlà kẹ̀? Ta ló fẹ́ dé e?"

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dákẹ́, pé ilé ìgbafẹ́ àwọn olówó ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí n ti bá wọn rẹ́rìn-ín nígbà yẹn.

"Ṣé ẹnikẹ́ni ò gbé ibẹ̀ ni?" Bàbá Tolú ló bèèrè.

"Ilẹ̀ náà ṣófo, sà," ni Káyọ̀dé dáhùn. "Ọlọ́run fi í pamọ́ de àwa ni."

Gbogbo wa ṣe àmín. Àmín o! Àwa tí a kò lè wọ ìlú bàbá wa ní ìrọ̀rùn nítorí ẹjọ́ ilẹ̀, àwa tí àbúrò ti ta ilẹ̀ mọ́ lọ́wọ́, tí ẹ̀gbọ́n ti ta ilẹ̀ mọ́ lórí, àwa náà la gbà pé ilẹ̀ kan wà láyé tí kò ní baba. Kò sí ènìyàn kan ṣoṣo nínú gbogbo àwòrán yẹn. Okùn wà lọ́rùn ẹṣin o, gbogbo wa rí i, a ò sì bèèrè ẹni tó so ó.

Àwa mẹ́fà la gbà láti bá Káyọ̀dé lọ wò ó. Orúnkún Bàbá Tolú kò gba kí wọ́n jókòó pẹ́ nínú bàálù, wọ́n ní kí n lọ fi ojú tiwọn wò ó wá. Nínú àwọn tó kù, ẹnì kan péré ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀: Uncle Fẹ́mi, ará Hampton, ìlú kan tí kò jìnnà sí tiwa, apoògùn tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tí wọn kì í dé ibì kan kí wọ́n má sọ fún ọ pé ibòmíràn dára jù ú lọ.

Wọ́n ní ará Papua ni wá

Mi ò ní sọ ti bàálù. Ẹ ṣáà mọ̀ pé nígbà tí mo fi sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Wailara, ẹsẹ̀ mi ti wú bí iṣu, odindi ọjọ́ kan sì ti sọnù mọ́ mi lọ́wọ́ tí n kò mọ ibi tó gbà lọ.

Ilé bí ogún ni abúlé náà, lórí òkè kan tí oòrùn ti pa koríko rẹ̀. Òrùlé wọn ga ṣóńṣó, bí ìgbà tí ẹnì kan láti òkè fi ọwọ́ kan fà á. Ẹlẹ́dẹ̀ ń gbé ìsàlẹ̀ ilé, ènìyàn ń gbé òkè, gbogbo wọn sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn. Àkùkọ ibẹ̀ kò mọ àárọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀sán. Òkúta pẹlẹbẹ ńláńlá wà níwájú ilé wọn, àwọn kan sá àgbàdo sórí tiwọn. Uncle Fẹ́mi rí èyí tó sún mọ́ ọn, wọ́n jókòó lé e, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ bàtà, wọ́n ń ráhùn pé ní Dubai, àga ni wọ́n fi ń pàdé àlejò.

Ọmọbìnrin kan tọ̀ wá wá, ó rọra tẹrí ba. Yanti ni orúkọ rẹ̀. Olùkọ́ ni nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ abúlé náà, òun ló gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà òun ni wọ́n gbà láti máa ṣe ògbufọ̀ fún wa.

"Ẹ káàbọ̀, sà," ó wí fún Uncle Fẹ́mi. "Bàbá bàbá mi nìyẹn."

Uncle Fẹ́mi wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. "Níbo ni wọ́n wà?"

"Ibi tí ẹ jókòó lé, sà."

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa wo bí àgbàlagbà ṣe ń dìde, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí irú èyí. Bàtà kan lẹ́sẹ̀, bàtà kan lọ́wọ́, àdúrà lẹ́nu. Àwọn onílé kò bínú. Bàbá kan gbé ẹní jáde, ó tẹ́ ẹ sórí pẹpẹ oparun, ó fi ọwọ́ méjèèjì júwe ibẹ̀ fún Uncle Fẹ́mi pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jókòó síbí. Bí wọ́n bá jókòó lé ibojì bàbá mi báyẹn, mi ò ní lọ gbé ẹní.

Èrò pé lé wa lórí. Wọ́n bi wá bóyá ará Papua ni wá. Yanti ṣàlàyé pé apá kan orílẹ̀-èdè àwọn ni Papua, pé àwọn ènìyàn ibẹ̀ dúdú bíi tiwa. Uncle Fẹ́mi ní rárá o, Amẹ́ríkà la ti wá. Gbogbo abúlé bú sẹ́rìn-ín. Ìyá kan fi ìka kan ra apá mi, ó wo ìka náà, ó wo ojú mi, ó wá sọ̀rọ̀.

"Kí ni wọ́n wí?" mo bi Yanti.

Ó tijú díẹ̀. "Wọ́n ní àwọn ti rí ará Amẹ́ríkà rí, mà. Pé ó máa ń pọ́n bí edé bó bá ti dúró sínú oòrùn."

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ta mí díẹ̀. Ní Marietta, bí mo bá ti lanu, aláìsàn á ní kí n sọ ibi tí mo ti wá gan-an. Mo wá rìn yí ayé po dé Wailara, wọ́n tún gba Amẹ́ríkà náà kúrò lọ́wọ́ mi.

Ata

Ilé baálẹ̀ ni wọ́n fi wá wọ̀ sí. Kó o tó sọ ohun tó gbé ọ wá ní abúlé yẹn, wọ́n á kọ́kọ́ gbé apẹ̀rẹ̀ kékeré kan síwájú rẹ: èso kan tó rí bí obì tó gbẹ, èso kejì tó gùn bí ìka ọwọ́, àti lẹ́búlẹ́bú funfun. O máa rún un papọ̀, ẹnu rẹ á pọ́n bíi ti ẹni tí wọ́n yọ eyín rẹ̀, orí rẹ á sì fúyẹ́. Ẹni tí kò bá jẹ ẹ́, kò tíì kí wọn nìyẹn.

Káyọ̀dé gba tirẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó yọ́ jáde, ó lọ dà á sẹ́yìn ilé. Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ni ẹlẹ́rìí mi. Èmi jẹ tèmi. Ó korò, ó ta, itọ́ kún ẹnu mi, n kò mọ ibi tí wọ́n ń tu ú sí, ó wá dà sórí bùláàsì funfun tí mo fi ìgbéraga wọ̀ wá. Àwọn obìnrin ilé di ikùn mú, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n mọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò gbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀.

Kí n wá sọ ti oúnjẹ, nítorí mo mọ̀ pé ó wà lọ́kàn yín. Ìrẹsì ni. Ìrẹsì láàárọ̀, ìrẹsì lọ́sàn-án, ìrẹsì nírọ̀lẹ́, ó funfun láwo bí aṣọ nọ́ọ̀sì, kò sí ọbẹ̀. Ẹja gbígbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta á dúbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí àárẹ̀ mú. Ewé ẹ̀gẹ́ bíbọ̀ á tẹ̀lé e. Kọfí wọn dára, mi ò lè purọ́, àmọ́ gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ kún ìdajì ife, bí o kò bá ṣọ́ra o máa jẹ kọfí dípò kó o mu ún.

Lọ́jọ́ kejì, Uncle Fẹ́mi ta ko àwo. "Yanti, sọ fún wọn pé ọmọ Yorùbá ni wá. Ata ni ìyá wa fi tọ́ wa. Kí wọ́n má bẹ̀rù wa."

Yanti wò wọ́n. "Ṣé ó dá yín lójú, sà?"

"Ọmọ yìí ń bi mí bóyá ó dá mi lójú!"

Ìyàwó baálẹ̀ gbé àwo kékeré kan wá, ata pupa tí wọ́n lọ̀ kúnná, kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Uncle Fẹ́mi bu síbí kan gbáko. Wọ́n jẹ ẹ́. Fún ìgbà díẹ̀, kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní gbogbo ibi tí omi lè gbà jáde lójú ènìyàn. Òsúkè mú wọn. Wọ́n pe orúkọ ìyá wọn tó ti kú. Ìyàwó baálẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu ìrẹsì funfun tí à ń bú yẹn sí wọn lẹ́nu bí ìgbà tí wọ́n ń bọ́ ọmọ ọwọ́, ó ń fi ọwọ́ kejì lù wọ́n lẹ́yìn pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. Èmi fi orí ìka tọ́ ata náà wò, mo sì pa ẹnu mi mọ́. Kò sí ẹni tó tún dárúkọ ìyá rẹ̀ mọ́ ata títí a fi kúrò níbẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ fi ìdáná sí

Ọjọ́ kẹta la lọ wo ilẹ̀. Ọkùnrin kan wá bá wa láti ìlú ńlá, òun ni Káyọ̀dé ń bá ṣòwò. Pak Hendra ni wọ́n ń pè é. Pak yẹn ni wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin. Bàtà rẹ̀ ń dán gbinrin nínú eruku, gbogbo ìgbà ló sì ń nu ún pẹ̀lú aṣọ ìnujú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ yìí kí n lè rí ẹnu sọ ìyókù: ilẹ̀ náà lẹ́wà. Ó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ láti òkè lọ sí ìsàlẹ̀, òkun tẹ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ sí mi lára, ẹ̀yìn tó ti ń ro mí láti ọjọ́ pípẹ́ wá kò ro mí mọ́. Mo dúró síbẹ̀, mo pín ilé sí yàrá. Ìdáná níbí, kí n máa wo òkun bí mo bá ń ro ọkà. Àga Bàbá Tolú lọ́hùn-ún, kí wọ́n lè na orúnkún wọn. Mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n sì fèsì lójú ẹsẹ̀ pé: "Bísí, gbà á." Mo ti gbà á lọ́kàn kí wọ́n tó sọ.

Ní ìsàlẹ̀ ibi tí mo fi ìdáná sí, omi kan ń sun láàárín òkúta. Àwọn obìnrin tò síbẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì, wọ́n ń pọn ún, wọ́n ń gbé e gun òkè lọ sílé. Àgbàdo tí wọ́n ti ká wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, pòròpórò rẹ̀ ṣì dúró. Fún ilẹ̀ tó ṣófo, iṣẹ́ pọ̀ lórí rẹ̀.

"Àwọn wọ̀nyí ńkọ́?" mo bi Pak Hendra.

"Ibẹ̀ ni adágún ìwẹ̀ yín máa wà," ó wí. "Ẹ má ṣèyọnu. Gbogbo wọn máa ríṣẹ́ ṣe lọ́dọ̀ yín. Wọ́n á máa gbálẹ̀, wọ́n á máa fọṣọ."

"Omi wo ni wọ́n á fi fọ̀ ọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí mo pa àpárá fún. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ ò rí nǹkan? Mo bá a rẹ́rìn-ín.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà la tó gbọ́ pé ilẹ̀ náà ní olóhun. Opó kan ni, ìyá àgbà tí gbogbo abúlé ń pè ní Nenek, ìyẹn ìyá-ńlá lédè wọn. A tún gbọ́ pé òfin ibẹ̀ kò gbà kí àjèjì fi orúkọ ara rẹ̀ ni ilẹ̀. Orúkọ Pak Hendra ló máa wà lórí ìwé.

"Ta ló wá ni ín nígbà náà?" Uncle Fẹ́mi bèèrè.

"Lórí ìwé, Pak Hendra ni, sà," Káyọ̀dé dáhùn. "Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀mí, àwa la ni ín."

Mo ti wà nínú ẹ̀mí láti kékeré. Mi ò tíì rí ẹni tó kọ́ ilé síbẹ̀.

Síbẹ̀, mi ò sọ pé mi ò ṣe mọ́. Atẹ́gùn yẹn ṣì wà lára mi.

Àtàǹpàkò ìyá àgbà

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, wọ́n tẹ́ ẹní sí iwájú ilé baálẹ̀. Káyọ̀dé ní kí n jókòó ti ìyá àgbà náà, nítorí pé obìnrin ni mí, mo sì dàgbà, ọkàn wọn máa balẹ̀ bí wọ́n bá rí mi. Mo jókòó tì wọ́n. Wọ́n kéré, wọ́n gbẹ, ọwọ́ wọn le bí èèpo igi. Wọ́n fún mi ní nǹkan rírún wọn látinú àpò kékeré kan, mo gbà á, mo jẹ ẹ́.

Pak Hendra gbé ìwé jáde àti ike tádàwà búlúù. Káyọ̀dé ka èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ fún àwa. Ó kà á pẹ́: títà pátápátá ni, láti orí òkè dé etí òkun, omi inú rẹ̀ àti igi inú rẹ̀, kò sí àtúnsọ, kò sí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ tó lè padà wá bèèrè. Ó kà á tán. Yanti yíjú sí ìyá àgbà náà, ó sì sọ gbólóhùn méjì. Gbólóhùn méjì péré. Ìyá àgbà náà mi orí, wọ́n ti àtàǹpàkò wọn bọ inú tádàwà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ wa á mọ ohun tó ṣe mí. Tí dókítà bá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún nípa àrùn ìyá kan, tí ọmọ ìyá náà wá túmọ̀ rẹ̀ ní, "Mọ́mì, wọ́n ní ẹ máa gbádùn," nọ́ọ̀sì tó bá mọṣẹ́ á dá gbogbo wọn dúró. Ìyá yẹn kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ọwọ́ mi ti gbéra kí n tó ronú. Mo di ọrùn ọwọ́ ìyá àgbà náà mú kó tó kan ìwé.

"Yanti," mo ní, "kí lo sọ fún wọn?"

Yanti kò wo ojú mi. Bàtà tó ń dán yẹn ló ń wò. "Mo ní àwọn àlejò fẹ́ yá ilẹ̀ lò, mà. Pé wọ́n máa dá a padà."

"Ta ló ní kó o sọ bẹ́ẹ̀?"

Ó tún wo bàtà Pak Hendra.

Káyọ̀dé tẹ̀ síwájú, ó yí i sí Yorùbá. "Aunty, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá sí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ná, a máa ṣàlàyé fún wọn tó bá yá. Ẹ ronú Daddy nílé."

Yorùbá tí à ń sọ láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní Marietta, òun ló fà yọ láti fi rẹ́ arúgbó jẹ níṣojú rẹ̀. Mo wo ẹnu rẹ̀. Mo sì ronú Bàbá Tolú lóòótọ́. Mo ronú àga wọn àti orúnkún wọn. Kì í ṣe pé mo jẹ́ ènìyàn mímọ́. Bí n bá dákẹ́, kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé mo gbọ́.

"Yanti," mo wí, "tún un sọ. Gbogbo rẹ̀. Má yọ ọ̀kan kúrò."

"Mà, wọn ò ní gbà mí síṣẹ́ mọ́."

"Mo mọ̀. Tún un sọ."

Ó fa èémí, ó bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ó dúró gírígírí, bí ohùn olùkọ́ tó ń ka ìwé fún kíláàsì. Ó pẹ́ bí ti Káyọ̀dé ṣe pẹ́. Àwọn obìnrin tó ń kọjá lọ pọnmi gbé kẹ́ẹ̀gì wọn kalẹ̀. Baálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀, mo sì mọ̀ nígbà náà pé baálẹ̀ ti mọ̀.

Ìyá àgbà náà bèèrè ọ̀rọ̀ kan. Yanti túmọ̀ rẹ̀: "Wọ́n ní, omi ńkọ́?"

"A máa fa ẹ̀rọ omi wá fún wọn," Káyọ̀dé dáhùn. "Omi tó dára ju èyí lọ."

Nígbà tí Yanti túmọ̀ ìyẹn, àwọn obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rín tó le. Ìyá àgbà náà kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fa ìwé náà sọ́dọ̀ ara wọn. Wọn ò ya á. Wọ́n yí i dé, wọ́n fi ẹ̀yìn rẹ̀ nu àtàǹpàkò wọn, síwá, sẹ́yìn, bí ẹni ń fi aṣọ nu ọwọ́ lẹ́yìn oúnjẹ, títí búlúù náà fi tán lára wọn. Wọ́n wá tì í padà fún Pak Hendra.

Uncle Fẹ́mi na ọrùn. "Káyọ̀dé, tádàwà ṣáà ti kan ìwé. Ṣé ìyẹn kò lè dúró bí ìfọwọ́sí?"

Apoògùn ọgbọ̀n ọdún o!

Ìbéèrè Nenek

Bóyá ẹ rò pé abúlé náà gbé mi gẹ̀gẹ̀ lẹ́yìn èyí. Wọn ò gbé mi. Bí mo ṣe ń dìde, ìyá àgbà náà tún sọ̀rọ̀ sí mi, ojú wọn kò rọ̀ rárá.

"Wọ́n ní kí n bi yín, mà," Yanti wí. "Ẹ̀yin náà, kí lẹ bá wọn wá ṣe?"

Mo wá ìdáhùn. Mo lè sọ pé mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí àwọn obìnrin nídìí omi yẹn lánàá, mo sì rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà náà wo ojú mi, wọ́n sì mi orí bí ẹni tó ti gbọ́ ìdáhùn. Wọ́n gbé àpò wọn, wọ́n ń lọ.

Mo bẹ Yanti pé kó má bínú, nítorí mo ti gba iṣẹ́ ògbufọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kò burú, òun ní kíláàsì láti kọ́, àwọn ọmọ ń dúró de òun. Ó sáré gba ìsàlẹ̀ òkè lọ. Àwọn ọmọ kan gbá tẹ̀lé e.

Láti Wailara títí dé Atlanta, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò bá mi sọ̀rọ̀ tó ju "ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ̀ fún mi". Ọ̀rọ̀ tí Káyọ̀dé sọ fún mi kẹ́yìn ni pé, "Aunty, ẹ ti ba ọjọ́ iwájú ara yín jẹ́." Bàbá Tolú bínú sí mi fún ọjọ́ méjì, nítorí wọ́n ti fi fọ́tò òkun han gbogbo ẹni tó jókòó ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ní kí n tún sọ fún àwọn bí ìyá àgbà náà ṣe fi ìwé nu ọwọ́. Mo sọ ọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di orúnkún wọn mú, wọn ò sì tún dárúkọ Sumba mọ́.

Uncle Fẹ́mi ti ra ilẹ̀. Òun àti ẹnì kan sí i. Abúlé kejì ni, lọ́wọ́ Pak Hendra kan náà, wọ́n ní ibẹ̀ tilẹ̀ dára ju Wailara lọ. Káyọ̀dé kò gbé àwòrán rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa mọ́. Ó ti gbé e lọ sí apá Hampton, ibi tí wọn ò ti mọ̀ mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, tọkọtaya kan wá sílé wa ní ọ̀sán. Wọn ò tíì pé ọdún kan nílùú yìí. Ọkọ ń kàwé, ìyàwó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, wọ́n sì mú fọ́ọ̀mù Káyọ̀dé dání, wọ́n ti kọ orúkọ wọn sí i. Wọ́n ní ẹnì kan ló sọ fún àwọn pé mo ti débẹ̀. Mo sọ gbogbo ohun tí mo ti sọ fún ẹ̀yin yìí fún wọn. Ọkọ ń wo ilẹ̀. Ìyàwó ni kò lè pa á mọ́ra.

"Aunty, ẹ má bínú o. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣé kò dára bó ṣe wà nínú fọ́tò ni?"

"Ó dára," mo ní. "Ó dára ju fọ́tò lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ni ín fi ń gbé inú rẹ̀."